Ohun Tí Oúnjẹ Wa Ti Jẹ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ohun tó yẹ kí ẹ máa jẹ, ẹ ti gbọ́ ọ tó lórí rédíò. Ohun tí oúnjẹ yín fúnra rẹ̀ ti jẹ kó tó dé orí tábìlì yín ni mo fẹ́ ká sọ, torí mo rí i pé ibẹ̀ ni owó ọbẹ̀ ti ń ṣòfò jù.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Lónìí, ẹyin gan-an la ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ dúró nídìí ìyá ẹlẹ́yin kan ní Bódìjà tàbí Ọjà Ọba fún ìgbà díẹ̀. Oníbàárà yóò dé, yóò mú ẹyin kan, yóò mì í létí, yóò ní, "Ìyá, ṣé pupa inú eléyìí pọ́n? Èyí tí mo rà lọ́jọ́sí, ńṣe ló funfun báláú." Ìyá yóò búra pé tòun pọ́n bí epo. Wọn yóò ná an, yóò sanwó, yóò gbé kíréètì rẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí adìyẹ jẹ. Àwọ̀ ni wọ́n ń tà, àwọ̀ náà ni wọ́n ń rà.

Adìyẹ kò lè dá àwọ̀ yẹn ṣe nínú ara rẹ̀. Inú oúnjẹ ló ti ń rí i: àgbàdo pupa, koríko, ewé tútù, ata pupa. Èròjà tó ń fún àwọn irúgbìn wọ̀nyí láwọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní carotenoid. Ẹ fún adìyẹ ní àgbàdo funfun, ọkà bàbà tàbí ẹ̀gẹ́ láìfi ewé kankan kún un, pupa ẹyin rẹ̀ yóò ṣá. Ẹ dá àgbàdo pupa padà fún un, yóò tún pọ́n. Purotéènì kò bá wọn dá sí i rárá. Bó pọ́n, bó ṣá, ẹyin ńlá kan ní purotéènì tó tó nǹkan bíi gíráàmù 6.

Àwọn tó ń ta èròjà fíìdì sì mọ ojú oníbàárà dáadáa. Wọ́n ní ohun kan bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ pupa ẹyin, nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti 1 dé 15. Ọlọ́sìn a yan nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́, a ra èròjà àwọ̀ tó bá a mu, yálà èyí tí wọ́n fún lára òdòdó marigold tàbí èyí tí wọ́n pò nílé iṣẹ́, a dà á mọ́ fíìdì. Kì í ṣe jìbìtì, kò sì lòdì sófin. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ni pé adìyẹ tó ń jẹ oúnjẹ gidi lè yé ẹyin tó ṣá, kí èyí tó ń jẹ jákujàku sì yé èyí tó pupa fòò.

N kò ní pé àwọ̀ náà kò wúlò rárá o. Méjì nínú àwọn carotenoid wọ̀nyí, lutein àti zeaxanthin, wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú èèyàn, wọ́n sì níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lutein lẹ ń wá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní in ju ẹyin lọ dáadáa. Ẹ má torí ẹ̀ bá ìyá ẹlẹ́yin jà.

Ibi tó yẹ ká dúró sí díẹ̀ nìyí. Pupa ẹyin kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 tí ara adìyẹ fi ń kó o jọ, ní ìpele ìpele, kí adìyẹ tó yé ẹyin náà. Funfun ẹyin, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Èèpo rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 20, òru ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ bá fọ́ ẹyin sínú àwo, àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọjọ́ 10 lẹ ń wò yẹn. Ojú wa kò lè ka ju ìlà kan lọ nínú rẹ̀, ìyẹn àwọ̀. Àwọn ìlà tó kù ló ṣe pàtàkì.

Irú ọ̀rá tí adìyẹ bá jẹ ni irú ọ̀rá tó máa fi sínú ẹyin. Èyí tó ń rí ẹja lílọ̀ jẹ máa ń ní ọ̀rá omega-3 tí ọpọlọ àti ọkàn ń fẹ́. Bí ẹja náà bá wá pọ̀ jù, ẹyin yóò máa rùn ẹja. Ó tiẹ̀ ní irú adìyẹ kan, lára àwọn tó ń yé ẹyin eléèpo pupa, tó jogún àbùkù tí kì í jẹ́ kí ara wọn pa òórùn náà, nítorí èyí ni ẹyin kan fi lè máa rùn nínú kíréètì tí àwọn yòókù kò ní nǹkan kan. Fítámìn A, D àti E ń pọ̀ sí i tàbí dín kù gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ bá ṣe rí. Áyódíìnì náà bẹ́ẹ̀. Adìyẹ tí oòrùn bá sì ń kàn lára máa ń fi fítámìn D sínú ẹyin ju èyí tí kò jáde nínú àgò rí lọ.

Oògùn náà wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Bí ọlọ́sìn bá fi oògùn apakòkòrò sómi fún àwọn adìyẹ rẹ̀ ní Mọ́ńdè, kì í ṣe ọjọ́ tí oògùn tán ni ẹyin mọ́. Ohun tó ti wọnú pupa ẹyin tó ṣì ń dàgbà yóò máa bá ẹyin jáde fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ìgò tàbí páálí oògùn pé, "ẹ má ta ẹyin rẹ̀ títí ọjọ́ báyìí". Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ẹni tí owó fíìdì ti wọ̀ lọ́rùn, kó kó ẹyin gbogbo ilé adìyẹ dànù fún odindi ọ̀sẹ̀, ó nira. Mo mọ ọlọ́sìn tó ń dà á nù. Mo sì mọ èyí tó ń gbé tirẹ̀ lọ sí ọjà tó jìnnà sí àdúgbò rẹ̀. Ohun tí èyí ń fà kì í ṣe pé ẹ ó jẹ ẹyin lálẹ́ kí ẹ ṣàìsàn láàárọ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló ń mọ oògùn náà lójú díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí oògùn kan náà kò fi ní ran ọmọ wa ní ọsibítù. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de lílo oògùn apakòkòrò láti mú ẹran sanra láti ọdún 2006.

Èèpo ńkọ́? Àwọ̀ èèpo, ìran adìyẹ ló ń sọ ọ́. Èyí tó ń yé funfun yóò máa yé funfun títí ayé rẹ̀, bẹ́ ẹ bu góòlù fún un jẹ. Ẹni tó ń san owó lé e torí pé èèpo rẹ̀ pupa, ó ń ra ohun tí kò ní jẹ. Bí èèpo bá ṣe le sí, ìyẹn lọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èèpo ẹyin kan gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù. Bí ọlọ́sìn kò bá fi egungun lílọ̀, òkúta ẹfun tàbí ìkaraun inú òkun sí fíìdì tó, adìyẹ yóò yọ ọ́ nínú egungun ara rẹ̀ títí yóò fi rọ. Àfikún ooru wá ń bẹ. Ẹ ṣàkíyèsí ẹyin oṣù Fẹ́búárì sí Máàṣì ní Ìbàdàn yìí, bó ṣe ń fọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú kíréètì. Nínú ooru, adìyẹ kì í jẹun tó, ó sì ń mí helehele láti tu ara rẹ̀ lára. Afẹ́fẹ́ tó ń mí jáde yẹn ń gbé lára èròjà tó yẹ kó fi ṣe èèpo lọ. Ìyá ẹlẹ́yin kò rẹ́ yín jẹ, oòrùn ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa ń ná àwọn àgbẹ̀ wa. Oúnjẹ ń gbà tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọlọ́sìn adìyẹ ń ná. Àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ yẹn, àgbàdo kan náà sì ni àwa náà ń fi ṣe ògì, tí a ń sun, tí a ń sè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń rà lẹ ó bá níbẹ̀. Ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti ILRI, ilé ìwádìí lórí ohun ọ̀sìn, jọ ṣiṣẹ́ lórí èèpo yìí. Wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n ń kù ú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe gàrí, wọ́n wá ń sá a gbẹ. Májèlé sàyánáìdì inú rẹ̀ a wálẹ̀, a sì di oúnjẹ ẹran tó ṣe é kó pamọ́. Purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan, ọlọ́sìn ní láti fi sóyà gbè é lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè rọ́pò díẹ̀ nínú àgbàdo.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Ọlọ́sìn tó bá dán an wò, pupa ẹyin rẹ̀ yóò ṣá. Ìyá ẹlẹ́yin yóò dá a padà, torí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá a padà fún ìyá ẹlẹ́yin. Kí ló kù fún un? Kó padà sídìí àgbàdo pupa tó gbówó lórí, tàbí kó ra èròjà àwọ̀. Èwó nínú méjèèjì ló fi fítámìn kan kún ẹyin tí kò lè gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ ọ́? Àwa ni à ń gbé owó kíréètì sókè, àwa náà ni à ń pariwo pé ẹyin ti wọ́n.

Ó ku èyí tí ojú kò lè rí rárá. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọn kò mọ àrùn tó jẹ́, wọ́n kàn ń pè é ní àrùn X. Nígbà tí wọ́n tú u dé ìdí, oúnjẹ ni: ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tó wá láti Brazil, tó sì ti bu. Láti ibẹ̀ layé ti mọ májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin. Èbu tó ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dénú ló ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Iná ìdáná wa kì í pa á. Màlúù tó bá jẹ ẹ́ yóò yí i padà díẹ̀, yóò sì fi sínú wàrà. Nínú ẹyin, ìwọ̀nba tó ń dé ibẹ̀ kéré. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ ló ń gbà á jù.

Ọ̀pọ̀ nínú aflatoxin tó ń wọ ara wa, inú àgbàdo àti ẹ̀pà tí àwa fúnra wa ń jẹ ló ti ń wá, kì í ṣe inú ẹyin. Àṣà kan ni mo fẹ́ bá yín wí lé lórí. Bí àgbàdo bá bu nílé, kí la máa ń sọ? "Ẹ má dà á nù, ẹ gbé e fún adìyẹ." Adìyẹ yẹn ńkọ́, ta ni yóò jẹ ẹ́? IITA yìí kan náà ló bá wọn ṣe Aflasafe, irú kan náà pẹ̀lú èbu tó ń hù lára àgbàdo ṣùgbọ́n tí kì í pèsè májèlé. Wọ́n ń fọ́n ọn sóko kí àgbàdo tó gbó, kó lè gba àyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó bá lò ó ní ìtàn tó yẹ kó fi ta ọjà rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tálákà nìkan ni. Ní orílẹ̀-èdè Belgium, lọ́dún 1999, ọ̀rá kan tí májèlé ilé iṣẹ́ ti wọ̀ bọ́ sínú oúnjẹ ẹran, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú adìyẹ àti ẹyin. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n kó ẹyin àti adìyẹ kúrò lórí àtẹ jákèjádò ìlú, mínísítà méjì fiṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba tó wà lórí oyè sì fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí oúnjẹ adìyẹ!

Bàbá kan níwájú níbí ń mi orí. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ: "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ ju adìyẹ ìbílẹ̀ lọ." Bàbá, mo gbọ́ o. Adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri ń rí koríko àti kòkòrò jẹ, ẹyin rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ohun tó bá bá nílẹ̀ náà ni. Ní Agbogbloshie, ní Accra, níbi tí wọ́n ti máa ń sun àwọn ẹ̀rọ àlòkù nígbà náà, wọ́n yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ wò, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: májèlé dioxin kún inú rẹ̀. Ẹni tí adìyẹ ìbílẹ̀ rẹ̀ ń jẹ̀ nídìí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀, kó tún un rò. Pé ẹran rẹ̀ le, tó dùn ún jẹ lẹ́nu, ìyẹn kì í ṣe ti oúnjẹ: ó dàgbà ni, ó sì ń rìn. Bùrọ́ílà tí wọ́n pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì gbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń gún bùrọ́ílà lábẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù, ẹ jẹ́ ká sin ín. Irú-ọmọ tí wọ́n ti ń yàn fún ọ̀pọ̀ ọdún àti oúnjẹ tó dọ́gba ló ń mú un tètè dàgbà. Ta ló ráyè gún adìyẹ 5,000 lábẹ́rẹ́ níkọ̀ọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ màlúù yàtọ̀, nítorí ṣàkì. Inú ibẹ̀ ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ti ń po koríko kí ara màlúù tó fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rá tó rọ̀ di èyí tó dì. Nítorí èyí, oúnjẹ kì í tètè yí ẹran màlúù padà bó ṣe ń yí ẹyin padà. Síbẹ̀, èyí tó jẹ koríko tútù dáadáa, ọ̀rá rẹ̀ a máa pọ́n díẹ̀, fítámìn E àti omega-3 rẹ̀ a sì ju ti màlúù tí wọ́n fi ọkà bọ́ lọ. Mo ń rí àwọn èèyàn tó ń sá fún ọ̀rá pupa lórí àtẹ alápatà, wọ́n ní màlúù náà ṣàìsàn. Bó bá jẹ́ àrùn, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni yóò pọ́n, iṣan funfun náà yóò pọ́n. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń san owó gọbọi lé ẹran màlúù tó jẹ koríko títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Tiwa níbí, koríko ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ohunkóhun. Ohun tó ń ba tiwa jẹ́ ni ìrìn àjò. Màlúù tó dúró nínú ọkọ̀ láti Òkè Ọya dé Akínyẹlé, tí wọ́n pa láìjẹ́ kó sinmi, okun inú ẹran ara rẹ̀ ti tán. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń dúdú, á le, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn tó sì ń jẹ̀ lórí ààtàn, àwọn alápatà mọ ohun tí wọ́n ń bá nínú ṣàkì wọn: náílọ́ọ̀nù tí a fi di búrẹ́dì àti omi mímu. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹja àrọ̀ tó ń rùn ẹrẹ̀, omi tó ń gbé ló sábà máa ń fà á. Bí wọ́n bá gbé e sínú omi tó mọ́, tó ń ṣàn, fún ọjọ́ díẹ̀ láìfún un lóúnjẹ, òórùn náà yóò lọ. Ẹni tó ń ta á yẹ kó ṣe ìyẹn fún yín.

Kí ni kí ẹ wá ṣe lọ́jà? Èmi o, mo ti jáwọ́ nínú bíbèèrè àwọ̀. Mo máa ń bèèrè oko tí ẹyin ti wá, bóyá wọ́n ń ra fíìdì ni àbí wọ́n ń lọ̀ ọ́ fúnra wọn, àti ìgbà tí wọ́n fún wọn lóògùn kẹ́yìn. Ìyá ẹlẹ́yin lè má mọ̀ ọ́n. Ó ní nọ́ńbà ọlọ́sìn lórí fóònù rẹ̀. Bí oníbàárà mẹ́ta bá bi í léèrè nínú ọ̀sẹ̀ kan, òun náà yóò pè é. Mo máa ń fọwọ́ kan èèpo. N kì í ra èyí tó ti ń ya oòrùn lẹ́bàá títì láti àárọ̀, bó ti wù kó wá láti oko gidi tó. Ẹyin kékeré kì í bà mí lẹ́rù. Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ló ni ín, èèpo rẹ̀ sì máa ń le ju ti adìyẹ tó ti gbó lọ. Àwọn tó ń rajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ring Road, tí wọ́n ń rí "organic" lára páálí, ìbéèrè kan náà ni kí wọ́n bi olùtajà. Tí kò bá ní ìdáhùn, orúkọ lásán lẹ san owó lé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sin adìyẹ léyà ní Àpáta bi mí pé ṣé kóun bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ẹ̀gẹ́ sí fíìdì òun, torí pé àgbàdo ti ń pa òun. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èèpo náà gbẹ dénú, kó fi sóyà kún un, kó sì lọ bá àwọn dókítà ẹran ní Moor Plantation kí wọ́n bá a ṣírò rẹ̀. Kó máa já ewé tútù fún wọn láàárọ̀, èyí yóò dá díẹ̀ padà nínú àwọ̀. Ó ní, "Bí ìyá ẹlẹ́yin bá ṣì kọ̀ ọ́ ńkọ́?" Kí n tó dáhùn, ìyá kan láti ẹ̀yìn, tó ń ta ẹyin ní Mọ́kọ́lá, ti nàró: "Gbé e wá fún mi. Kí o sì kọ ohun tí wọ́n jẹ sórí bébà, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kíréètì. Ṣùgbọ́n o máa dín owó rẹ̀ kù o." Ibi tí wọ́n ti ń ná an ni mo fi wọ́n sí.